Bí Linux Kò Bá Mọ Máòsì Géèmù Rẹ

Ọmọ mi, mo gbọ́ pé o ra máòsì géèmù, Piper, ètò tí a fi ń tún máòsì tò lórí Linux, sì ní òun kò rí i. Má tíì bínú, má sì tíì dá a padà fún ẹni tó tà á. Jókòó, kí n bá ọ sọ̀rọ̀.

1. Mọ ohun tó ń ṣe é gan-an. Bí atọ́ka bá ń rìn, tí títẹ̀ ọ̀tún àti òsì sì ń jẹ́, Linux ti mọ máòsì rẹ, nítorí ìlànà HID tí máòsì USB ń tẹ̀ lé wà nínú kernel, ọkàn Linux. Ohun tó kù ni DPI (bí atọ́ka ṣe ń yára tó), iná, àti bọ́tìnnì tí o fẹ́ yí iṣẹ́ rẹ̀ padà. Iṣẹ́ libratbag nìyẹn. Ojú rẹ̀ lásán ni Piper. Má torí ìyẹn tún Linux fi sórí kọ̀ǹpútà: orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

2. Wo okùn rẹ̀. Okùn mìíràn iná nìkan ló ń gbé, kì í gbé ọ̀rọ̀. Bí o bá tẹ àṣẹ lsusb nínú terminal tí o kò rí máòsì níbẹ̀, pààrọ̀ okùn tàbí ihò USB. Ohun tí kò dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà, kò sí dráífà tó lè mọ̀ ọ́n.

3. Nọ́ńbà tí lsusb fi hàn ni kí o gbà gbọ́, kì í ṣe páálí. Logitech G502 Proteus Core ń jẹ́ 046d:c07d. G502 Hero ń jẹ́ 046d:c08b. Apá kìíní ni ilé-iṣẹ́, apá kejì ni máòsì fúnra rẹ̀. Lójú tìrẹ, ọ̀kan náà ni wọ́n; lójú dráífà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

4. Ilé tó yẹ ni kí o lọ. Bí nọ́ńbà bá fi 1532 bẹ̀rẹ̀, Razer ni, OpenRazer ló sì ń bójú tó o. Bí o jókòó ti Piper di ọ̀la, asán ni. Rántí pé inú kernel ni OpenRazer ń wọ̀, ààbò Secure Boot sì lè dènà rẹ̀.

5. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kọ́kọ́ wò bóyá libratbag tuntun ti mọ̀ ọ́n, torí ti orí kọ̀ǹpútà rẹ lè ti pẹ́. Bí kò bá sí, ṣí /usr/share/libratbag. Fáìlì .device kéékèèké ló wà níbẹ̀: orúkọ máòsì, nọ́ńbà níwájú DeviceMatch, àti dráífà. Wá ẹ̀gbọ́n máòsì rẹ, da fáìlì rẹ̀ kọ, fi orúkọ àti nọ́ńbà tìrẹ sí i, kí o sì tún ratbagd, apá libratbag tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀.

6. Àmọ́ má fipá sọ wọ́n di ẹbí. Dráífà yìí kì í wulẹ̀ wo máòsì. Ó ń kọ̀wé sínú ìrántí rẹ̀. Bí èdè wọn kò bá dọ́gba, ó lè bà á jẹ́ pátápátá, kò sì sẹ́ni tí yóò san owó rẹ padà. Orúkọ ara rẹ̀ pàápàá lè tàn ọ́: dráífà sinowealth ni Glorious Model O ń lò, torí ẹni tó ṣe ọpọlọ inú máòsì ni dráífà ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹni tó tà á. Bí kò bá dá ọ lójú, fọwọ́ sílẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

7. Bó bá ṣiṣẹ́, má dá a jẹ. Fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣe libratbag lórí GitHub, kí o sọ ohun tó jẹ́ àti ohun tó kọ̀. Lọ́jọ́ tí o bá pààrọ̀ kọ̀ǹpútà, fáìlì àdáni lè bá ti àtijọ́ lọ. Èyí tó bá wọlé sọ́dọ̀ wọn yóò bá libratbag tuntun padà wá bá ọ. Ẹni tó kọ fáìlì tí o dà kọ kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ.