Má Tíì Pààrọ̀ Tiransísítọ̀ Yẹn

Ìjẹ̀bú-Igbó

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Inú mi dùn pé ṣọ́ọ̀bù tí o ṣí nítòsí yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè ti ń rí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ańpílífáyà tí wọ́n gbé wá bá ọ láti ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìwòpin kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. O ní ẹ̀ẹ̀mẹta lo ti pààrọ̀ tiransísítọ̀, bí o bá sì ti tàn án ni wọ́n ń jó. Ta ló ní kí o máa tàn án tààrà?

Èmi náà ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. Fíúsì já lálẹ́ ọjọ́ àìsùn, mo bá fi wáyà bàbà rọ́pò rẹ̀. Orin kan péré ni wọ́n kọ tí èéfín fi gbalé. Tiransífọ́mà jó, kọ́ìlì sípíkà méjèèjì jó tẹ̀lé e. Ọ̀gá mi kò nà mí o, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta ni mo fi ṣiṣẹ́ san gbèsè náà.

Lọ ra gílóòbù 100 watt, èyí àtijọ́ tó máa ń gbóná. Gé ẹyọ kan nínú wáyà méjì tó ń gbé iná wọlé, kí o so gílóòbù sáàárín rẹ̀, kí iná lè gba inú rẹ̀ kọjá. Yọ sípíkà kúrò kí o tó tan ẹ̀rọ. Bí gílóòbù bá tàn yòò tó sì wá rẹlẹ̀, kapásítọ̀ ló ń gba iná sínú, kò sí wàhálà. Bí ó bá tàn tí kò rẹlẹ̀, nǹkan ṣì wà nínú bọ́ọ̀dù tó ti para pọ̀. Gílóòbù yẹn ni kò ní jẹ́ kí tiransísítọ̀ tuntun kú.

Kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, yọ ẹ̀rọ náà lára iná. Kapásítọ̀ ńlá méjì yẹn ṣì ń di iná mọ́nú lẹ́yìn tí NẸ́PÀ bá ti lọ. Fi rẹsítọ̀ 100 ohm tó nípọn fa iná inú wọn jáde, má fi sukudíráfà pa á, ìró rẹ̀ á dẹ́rù bà ọ́.

2SC5200 àti 2SA1943 tí o ń pààrọ̀, tọkọtaya ni wọ́n. Ọ̀kan kì í sábà dá kú. Ṣùgbọ́n ìwọ ń wo àwọn ńlá nìkan. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Fi mítà wo àwọn kékeré tó ń darí wọn, wo rẹsítọ̀ 0.22 ohm tó wà lẹ́sẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, wo tiransísítọ̀ tó ń ṣọ́ ooru lára irin. Tiransísítọ̀ tó bá pè lọ́nà méjèèjì ti kú. Wo awẹ́ míkà abẹ́ wọn náà, bóyá ó ti ya. Ayédèrú sì pọ̀ lọ́jà: fọ́ ọ̀kan nínú àwọn tó jó, kí o wo bí ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣe kéré tó.

Ìwòpin ló ti wá, etí ọ̀sà ni. Ọ̀rinrin á ti wọ bọ́ọ̀dù yẹn. Bí o bá rí ìpẹtà aláwọ̀ ewé, fi spirit àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, sá a dáadáa, kí o tún òjé jó sí ibi tó ti là.

Ní ìparí, wọn iná DC ojú sípíkà. Bí ó bá ju 0.05 volt lọ, má tíì so sípíkà kankan mọ́ ọn.

Owó tiransísítọ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta yẹn, jọ̀wọ́, má kà á mọ́ owó tí ṣọ́ọ̀ṣì máa san.

Èmi ni,
Àbúrò ìyá rẹ