Sí Àyìnkẹ́, Nípa Eyín Tí Kò Hù

Ìlàrè, Ilé-Ifẹ̀.

Àyìnkẹ́ ọmọ mi, ọmọ Ifẹ̀ Oòdáyé, ibi ojúmọ́ ti í mọ́ wá,

Láti ọjọ́ ìgbéyàwó tí gbogbo ẹbí péjọ sí ní Kérésìmesì tó kọjá ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, nítorí pé nígbà tí ayàwòrán ní kí gbogbo ọmọ rẹ́rìn-ín, ìwọ nìkan ni o fa etí gèlè bo ẹnu, tí ojú rẹ sì wá dà bí ti àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agbo-ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, tí wọ́n dára títí, ṣùgbọ́n tí wọ́n pa ètè dé. Ère kò ní ọ̀rọ̀ í sọ, ìwọ ní.

Ìyá rẹ sọ fún mi pé o kì í dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì mọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ ń fọn jáde lẹ́nu rẹ bí fèrè. Àwọn aládùúgbò ń pe àlàfo ẹnu rẹ ní èjí láti tù ọ́ nínú. Èjí kọ́ ni. Àlàfo tí Ẹlẹ́dàá fi sáàárín eyín iwájú méjèèjì lókè ni èjí. Tìrẹ, àwọn eyín tí ó yẹ kí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lọ́tùn-ún lósì ni kò hù. Ẹ̀bi kò sì sí lọ́rùn ẹnikẹ́ni: kì í ṣe pé ìyá rẹ kò ju eyín ọmọdé rẹ sórí òrùlé bí ó ti yẹ, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ayé. Eyín 20 ni ti ọmọdé, 32 ni ti àgbà. Inú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni irúgbìn wọn wà, ibi tí irúgbìn kò bá sì sí, kò sí ohun tí yóò hù níbẹ̀. Irú èyí a máa rìn nínú ẹbí, bí ojú ti í jọra.

Mo mọ èyí, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àbúrò mi obìnrin rí, ẹni tí bàbá rẹ tẹ̀ lé. Nígbà tí ó sunkún tọ̀ mí wá, òwe ni mo pa fún un: adìẹ ń jẹ ọkà, ó ń mu omi, ó ń gbé òkúta wẹ́wẹ́ mì, ó ní òun kò léyín, ìdérègbè tí ó léyín, ṣé irin ni ó ń jẹ? Òwe náà kò purọ́, àbúrò mi jẹun yó títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ṣùgbọ́n oúnjẹ nìkan kọ́ ni a ń fi ẹnu ṣe. Ohùn rẹ̀ dùn bí ti ẹ̀gà, síbẹ̀ ó kọ̀ láti dá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì; ọkùnrin rere kan fẹ́ ẹ, ó sá fún un. Títí tí ó fi sùn, n kò rí i kí ó rẹ́rìn-ín láìfọwọ́ bonu, ó sì ń dùn mí di òní pé òwe ni mo fi dí i lẹ́nu.

Nígbà èwe rẹ̀, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì wa kò tí ì sí. 1975 ni a dá a sílẹ̀. Ó ti wà báyìí, àwọn oníṣègùn eyín sì wà níbẹ̀ tí wọn yóò ya àwòrán egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ, kí a lè mọ iye tí kò sí. Bí eyín ọmọdé kan bá ṣì dúró ṣinṣin, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á yọ kí wọ́n tó rí i, nítorí pé irú rẹ̀ a máa sin ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Eyín tí a ń fi irin rì mọ́ egungun kò tí ì tọ́ sí ọmọ ọdún 14, torí pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ ṣì ń dàgbà, irin kì í sì í bá a dàgbà. Ṣùgbọ́n wáyà lè to àwọn tí ó wà, eyín àtọwọ́dá tí ó ṣeé bọ́ tí ó sì ṣeé wọ̀ sì wà.

Bí ìsinmi bá dé, wá sùn ní Ìlàrè ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, kí a lè jí lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn eyín náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Wọn yóò béèrè bóyá ẹnìkan rí bẹ́ẹ̀ nínú ẹbí rí. Èmi ni yóò dáhùn ìyẹn. Èmi ni yóò sọ ti àbúrò mi.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ.