Ọ̀kadà tí ṣọ́ọ̀kì iwájú rẹ̀ ń jò: Ẹ wá ìdí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó náwó

Àwọn tó ń fi ọ̀kadà ṣòwò ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré-Èkìtì mọ̀ pé bí ẹ́ńjìnnì ṣe wù kó dára tó, ọ̀kadà tí iwájú rẹ̀ kò dúró dáadáa kò lè mówó gidi wọlé. Ọ̀nà oko tí wọ́n ń gbà kó kòkó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti iṣu wá sọ́jà kún fún kòtò àti gegele. Lórí títì náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọdún làwọn èèyàn fi pariwo lórí ọ̀nà Adó sí Àkúrẹ́ tó gba Ìkẹ́rẹ́ kọjá. Ṣọ́ọ̀kì iwájú ló ń gba gbogbo ìyà yìí.

Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti ní kí ọjà máa pinnu iye tí wọ́n ń ṣẹ́ náírà sí dọ́là, ni owó àwọn ẹ̀yà ọ̀kadà tó ń ti òkèèrè wá ti fò sókè. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí olówó ọ̀kadà máa pààrọ̀ síìlì ní gbogbo ìgbà tó bá ti rí ọ́ìlì, láìbéèrè ohun tó ba síìlì náà jẹ́. Ká ní ọ̀kadà kan ń mú ₦3,000 wá fún olówó rẹ̀ lójúmọ́. Bó bá lo ọjọ́ kan lọ́dọ̀ mẹkáníìkì lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù nítorí àìsàn kan náà, ₦9,000 ti lọ, kí wọ́n tó ka owó síìlì àti owó iṣẹ́.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ọdún 1935 ni ilé iṣẹ́ BMW ilẹ̀ Jámánì gbé ọ̀kadà R12 jáde pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì iwájú tó ń lo ọ́ìlì. Irú rẹ̀ ló wà lára Bajaj àti TVS tí wọ́n ń gùn lónìí. Ọ̀pá dídán kan ń wọ inú agolo rẹ̀, ó sì ń jáde. Sípíríǹgì inú rẹ̀ ló ń gbé ẹrù. Ọ́ìlì ni kì í jẹ́ kó máa ta bíi bọ́ọ̀lù. Síìlì tó wà lẹ́nu agolo náà ló ń dá ọ́ìlì dúró.

Àyẹ̀wò tí kò gba kọ́bọ̀

Ẹ kọ́kọ́ wo atẹ́gùn táyà, nítorí táyà tó ti rọ̀ lè mú kí ọ̀kadà máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ tó mọ́ nu ọ̀pá méjèèjì, ẹ di búréèkì iwájú mú, kẹ́ ẹ sì tẹ iwájú ọ̀kadà mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bí ọ́ìlì bá yí ọ̀pá po bí òrùka, síìlì ń jò nìyẹn. Bí iwájú bá ń rì wẹ́rẹ́ tó sì ń ta padà fìrì, ọ́ìlì ti dín kù tàbí kó ti ṣá. Bó bá ń kanlẹ̀ gbàgà nínú kòtò kékeré, ó lè jẹ́ pé ó ti rẹ sípíríǹgì. Bó bá wọlé tí kò fẹ́ padà, ó ṣeé ṣe kí ọ̀pá ti tẹ̀.

Bó bá ń dún kọ́-kọ́ nígbà tí wọ́n bá tẹ búréèkì, ẹ gbé nǹkan tó lágbára sábẹ́ ẹ́ńjìnnì kí táyà iwájú kúrò nílẹ̀. Ẹ di ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì méjèèjì mú, kẹ́ ẹ máa fà á, kẹ́ ẹ máa tì í. Bó bá jẹ́ ọrùn ọ̀kadà lábẹ́ ọwọ́ ló ń mì, bọ́ọ̀lù ọrùn ló tú tàbí tó jẹ, kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì. Bó bá jẹ́ láàárín ọ̀pá àti agolo ló ti ń mì, ṣọ́ọ̀kì gan-an ló ti jẹ.

Ohun tó ń fa jíjò

Yanrìn àti amọ̀ lè há sẹ́nu síìlì. Ẹ ṣí róbà tó ń dènà eruku sókè, ẹ gé ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ẹ kì í sáàárín ọ̀pá àti síìlì, kẹ́ ẹ sì fi í yí ọ̀pá po láti fa ìdọ̀tí jáde. Bí jíjò bá dáwọ́ dúró, ó kù kí wọ́n wo bóyá ọ́ìlì inú rẹ̀ ṣì pé.

Bí ọ̀pá bá ti dípẹtà tàbí tó ti ha, síìlì tuntun kò ní pẹ́ tó fi máa ya. Sánpépà tó kúnná lè mú ibi tó yọ gbágungbàgun kúrò, ṣùgbọ́n ibi tó ti jẹ wọnú kọjá sánpépà. Bí ọ̀kadà bá ti ṣubú rí, kí mẹkáníìkì yọ ọ̀pá, kó yí i lórí gíláàsì tó tẹ́jú. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ lábẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń yí, ó ti tẹ̀. Kí wọ́n má ṣe fi iná tàbí òòlù nà án; kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Nígbà títúnṣe

Kí mẹkáníìkì rọra tú ìdérí òkè, torí sípíríǹgì lè ta á sókè. Ẹ ka nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lára síìlì àtijọ́ kẹ́ ẹ tó ra tuntun: inú, ìta àti bó ṣe nípọn tó. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀. Kí wọ́n fi ọ́ìlì ra ẹnu síìlì, kí wọ́n fi ọ̀rá wé orí ọ̀pá kó má baà ya á, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ wọlé dọ́gba-dọ́gba, láìfi sukudiráfà gbá a. Irú ọ́ìlì àti ìwọ̀n tí ìwé ọ̀kadà sọ ni kí wọ́n bù sí méjèèjì. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò kò yẹ níbẹ̀. Ìdọ̀tí inú rẹ̀ á tún ba síìlì jẹ́.

Bí ọ́ìlì bá ti dé ara búréèkì iwájú, ọ̀kadà náà kò gbọ́dọ̀ gbé èrò títí wọ́n á fi tún un ṣe. Ẹ̀mí ló wà níbẹ̀, kì í ṣe owó nìkan.

Ó dára kí olówó ọ̀kadà tó fi ọ̀kadà fún ẹlòmíì gùn ní ìwé kékeré kan tí wọ́n á máa kọ ọjọ́ tí wọ́n tún ṣọ́ọ̀kì ṣe àti ohun tí wọ́n pààrọ̀ sí, kí wọ́n sì máa nu ọ̀pá wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí síìlì tuntun bá jò láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìwé náà á fi hàn pé ọ̀pá ló yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò. Kékeré la ti í pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.