Aago Inú Ọkọ̀ àti Aago Èbúté: Kíkọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ ní Àkókò Sísọ Pẹ̀lú Àpẹẹrẹ Abidjan

1. Ìfáàrà

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí a fi ń kọ́ èdè Yorùbá ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa, orí tí ó sọ̀rọ̀ nípa aago kì í gùn. Olùkọ́ yóò ya àwòrán aago sí ojú pátákó, yóò sún ọwọ́ rẹ̀ kiri, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì dáhùn pé aago mẹ́ta ni tàbí aago mẹ́rin àbọ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti gba èyí, orí mìíràn kàn. Ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bi í, òun sì ni pé: aago ibo ni? Níwọ̀n ìgbà tí gbogbo wa bá wà ní ìlú kan náà, ìbéèrè yìí kò ní láárí, nítorí pé aago kan ni tẹrú-tọmọ ń lò. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ ojú òkun, tí ó sì gúnlẹ̀ sí èbúté ilẹ̀ òkèèrè, gbólóhùn bí i ‘Ẹ padà dé ní aago márùn-ún àbọ̀’ lè ní ìtumọ̀ méjì. Ẹni tí ó bá mú ìtumọ̀ tí kò tọ̀nà, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni yóò máa wò lójú omi.

Èbúté Abidjan ní ilẹ̀ Côte d’Ivoire ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ nínú iṣẹ́ yìí. Ìdí méjì ni a fi yàn án. Èkínní ni pé ọkọ̀ àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ a máa yà síbẹ̀ bí wọ́n bá ń gba etí òkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kọjá. Èkejì ni pé Abidjan kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì pátápátá sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni ó ní ẹbí tí ó ń ṣòwò níbẹ̀, tí wọ́n sì ń lọ, tí wọ́n ń bọ̀. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé àkókò tí a sọ láìdárúkọ ẹni tí ó ni aago, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni, àti pé èdè Yorùbá ní ohun tí a lè fi parí rẹ̀ bí olùkọ́ bá kọ́ ọ.

2. Ìdí tí aago Èkó àti ti Abidjan kò fi dọ́gba

Ayé a máa yí digírì kan ní ìṣẹ́jú 4. Èkó wà ní nǹkan bí digírì 3 àti ààbọ̀ sí ìlà-oòrùn Greenwich, Abidjan sì wà ní nǹkan bí digírì 4 sí ìwọ̀-oòrùn rẹ̀. Nítorí náà, oòrùn a máa yọ ní Èkó ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 ṣáájú Abidjan. Bí ó bá jẹ́ pé oòrùn nìkan ni a ń tẹ̀ lé, ìyàtọ̀ àárín ìlú méjèèjì kì bá tí ju èyí lọ.

Ṣùgbọ́n ìjọba ni ó ń pàṣẹ aago, kì í ṣe oòrùn. Láti ọdún 1912 ni Côte d’Ivoire ti ń lo aago Greenwich. Ní tiwa, aago Èkó yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, títí di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1919 tí a gbé e sí wákàtí kan níwájú Greenwich. Ibẹ̀ ni ó wà di òní. Nítorí náà, nígbà tí aago mẹ́jọ bá lù ní Èkó, aago méje ni ní Abidjan, ìbáà jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn tàbí òjò, nítorí pé orílẹ̀-èdè méjèèjì kì í yí aago padà láti ìgbà dé ìgbà nínú ọdún.

Ó dára kí olùkọ́ béèrè pé: ibo gan-an ni wákàtí kan náà ti sọnù lójú ọ̀nà? Akẹ́kọ̀ọ́ yóò fẹ́ sọ pé ibodè Nàìjíríà ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá wọ bọ́ọ̀sì láti Èjìgbò, tí ó gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá dé Kútọnu, aago kan náà ni yóò bá níbẹ̀, nítorí pé Benin ń lo irú aago tí àwa ń lò. Ibodè Hilla-Condji, láàrin Benin àti Tógò, ni aago ti ń padà sẹ́yìn. Láti ibẹ̀ lọ, bí ó ti ń gba Lomé àti Accra kọjá títí ó fi wọ Abidjan, kò tún ní í fọwọ́ kan aago rẹ̀ mọ́. Nínú àkójọ aago àgbáyé tí kọ̀ǹpútà ń lò pàápàá, orúkọ Abidjan ni ó ń ṣojú Gánà, Tógò àti Senegal, nígbà tí orúkọ Lagos ń ṣojú Benin.

3. Ọkọ̀ ojú òkun: ìlú tí ó ní aago tirẹ̀

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú òkun tún yàtọ̀ sí ti bọ́ọ̀sì. Ọkọ̀ ńlá dà bí ìlú. Oúnjẹ, iṣẹ́ àti ìsinmi inú rẹ̀ ní àkókò tiwọn, ọ̀gá ọkọ̀ ni ó sì ní àṣẹ láti sọ aago tí gbogbo wọn yóò máa lò. Lọ́pọ̀ ìgbà, bí ọkọ̀ bá ń sún mọ́ ilẹ̀ tí aago rẹ̀ yàtọ̀, wọ́n a yí aago padà lóru, wọ́n a sì kéde rẹ̀ fún èrò. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ kan péré ni ọkọ̀ yóò lò ní èbúté, ọ̀gá ọkọ̀ lè pinnu pé kí aago wà bí ó ti wà. Ọkọ̀ tí ó ti gúúsù Áfíríkà bọ̀, tí ó yà sí Kútọnu, Lomé àti Abidjan, tí ó sì ń lọ sí erékùṣù Cabo Verde, yóò bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ tí ó fi wákàtí méjì ṣíwájú Greenwich, yóò sì dé ilẹ̀ tí ó fi wákàtí kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè fi ojú lásán mọ aago tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń lò. Àfi kí ó béèrè.

Ní Abidjan, ìdẹwò láti rìn jìnnà pọ̀. Kí wọ́n tó ṣí ipadò Vridi ní ọdún 1950, ìta gbangba òkun ni ọkọ̀ ti ń dúró ní Port-Bouët. Lẹ́yìn tí wọ́n gbẹ́ ọ̀nà omi náà ni ọkọ̀ ńlá tó lè wọ inú ọ̀sà Ébrié. Lónìí, ẹni tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní Treichville. Òmíràn yóò fẹ́ sọdá afárá lọ sí Plateau, òmíràn yóò fẹ́ wo igbó Banco, òmíràn yóò sì kọrí sí Grand-Bassam, olú-ìlú àtijọ́ tí UNESCO fi kún àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2012. Grand-Bassam tó nǹkan bí kìlómítà 40. Awakọ̀, ọjà àti ilé oúnjẹ ní gbogbo ibi wọ̀nyí, aago Abidjan ni wọ́n ń lò.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọkọ̀ kan tí ó ti Kútọnu dé, tí kò sì yí aago padà. Ìwé ìkéde inú ọkọ̀ sọ pé kí gbogbo èrò ti wọlé ní aago márùn-ún àbọ̀, ọkọ̀ yóò sì ṣí ní aago mẹ́fà. Ní aago Abidjan, aago mẹ́rin àbọ̀ ni èrò gbọ́dọ̀ wọlé, aago márùn-ún sì ni ọkọ̀ yóò ṣí. Èrò tí ó ti yí aago ọwọ́ rẹ̀ sí ti ìlú, tí ó sì fi ọkàn balẹ̀ padà dé èbúté ní aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, yóò rò pé òun tètè dé. Ọkọ̀ ti lọ láti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn.

Bí aago inú ọkọ̀ bá wà lẹ́yìn ti ìlú ńkọ́? Bí ọkọ̀ bá ti Cabo Verde dé pẹ̀lú aago ibẹ̀, ẹni tí ó tẹ̀ lé aago Abidjan yóò padà dé ní wákàtí kan ṣáájú àkókò. Ìyẹn kò ní í pa á lára. Ewu tirẹ̀ wà ní òwúrọ̀. Awakọ̀ tí ó ní kí wọ́n pàdé òun ní aago mẹ́jọ, aago ìlú rẹ̀ ni ó ń sọ. Bí èrò bá dúró kí aago mẹ́jọ lù nínú ọkọ̀, aago mẹ́sàn-án ti lù fún awakọ̀. Ibi tí ewu wà ń yí padà bí aago ti ń ṣíwájú tàbí tí ó ń padà sẹ́yìn, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì gbọdọ̀ há òfin kan ṣoṣo sórí.

Ó tún yẹ kí a sọ fún wọn pé bí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ bá ni ó ṣètò ìrìn-àjò, ọkọ̀ sábà máa ń dúró de èrò rẹ̀. Ẹni tí ó dá lọ fúnra rẹ̀ kò ní irú àǹfààní yẹn. Bákan náà, ẹ̀rọ alágbèéká lè yí aago ara rẹ̀ padà bí ó bá ti rí ìgbì ilẹ̀, nígbà tí aago ọwọ́ yóò wà bí ó ti wà. Tọkọtaya kan náà lè tipa bẹ́ẹ̀ máa gbé aago méjì kiri láìmọ̀.

4. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a là yé akẹ́kọ̀ọ́

(a) Aago àti wákàtí: ‘Aago méjì’ ni ojú àkókò tí a wà, ‘wákàtí méjì’ ni bí àkókò náà ti gùn tó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó sọ pé ‘ọkọ̀ yóò ṣí ní wákàtí mẹ́fà’ ti da méjèèjì pọ̀.

(b) Aago ọkọ̀: Àpólà yìí pọ́n-na. Ó lè jẹ́ aago tí wọ́n fi kọ́ sára ọkọ̀, ó lè jẹ́ àkókò tí ọkọ̀ yóò gbéra, ó sì lè jẹ́ aago tí wọ́n ń lò nínú ọkọ̀. A dábàá pé kí olùkọ́ máa lo ‘àkókò ìṣíkọ̀’ fún èkejì, kí ó sì máa lo ‘aago inú ọkọ̀’ fún ẹ̀kẹta. ‘Aago èbúté’ ni ti ìlú tí ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí, ‘aago ilé’ sì ni ti ibi tí èrò ti wá.

(d) Síwájú àti sẹ́yìn: Bí a bá ní aago Èkó ṣíwájú ti Abidjan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò rò pé Abidjan ni aago mẹ́jọ yóò kọ́kọ́ lù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fi oòrùn rántí: ibi tí oòrùn ti kọ́kọ́ yọ ni aago ti ṣíwájú. Ẹni tí ó ń lọ sí Abidjan yóò dá aago padà; ẹni tí ó ń bọ̀ wá ilé yóò sún un síwájú.

(e) Òǹkà 24: Ní àwọn ilẹ̀ tí ń sọ èdè Faransé, 17 h 30 ni wọn ń kọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe kà á sí ‘aago mẹ́tàdínlógún’. Kí ó yọ 12 kúrò, kí ó sì fi ìgbà ọjọ́ kún un: aago márùn-ún àbọ̀ ìrọ̀lẹ́.

5. Ìlànà ìkọ́ni

Kíláàsì: Ilé-ẹ̀kọ́ girama.
Àkókò: Ìṣẹ́jú 40.
Ohun èlò: Aago páálí mẹ́ta tí a kọ ‘ilé’, ‘inú ọkọ̀’ àti ‘èbúté’ sí lára, àwòrán ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà.
Èròńgbà: Ní òpin ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè sọ àkókò pẹ̀lú ẹni tí ó ni aago, yóò sì lè yí i láti ọ̀kan sí èkejì.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Olùkọ́ fi ìka tọ ọ̀nà láti Èjìgbò dé Abidjan lórí àwòrán ilẹ̀, kíláàsì sì sọ ibodè tí aago ti yí padà.

Ìgbésẹ̀ kejì: Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta gbé aago páálí dání. Olùkọ́ pe àkókò kan, àwọn méjì yòókù sún ọwọ́ aago tiwọn bí ó ti yẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Akẹ́kọ̀ọ́ méjì ka ìtàkùrọ̀sọ yìí. Awakọ̀ náà jẹ́ ọmọ Yorùbá tí ó ń gbé ní Treichville.

Èrò: Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin bàbá. A fẹ́ lọ sí Grand-Bassam.
Awakọ̀: Káàárọ̀ o, ọmọ mi. Aago mélòó ni wọ́n ní kí ẹ padà wọ ọkọ̀?
Èrò: Aago márùn-ún àbọ̀ ni, sà.
Awakọ̀: Ti inú ọkọ̀ yín ni, àbí tiwa níbí?
Èrò: Ti inú ọkọ̀ ni, sà.
Awakọ̀: Aago mélòó ló wà nínú ọkọ̀ báyìí?
Èrò: Aago mẹ́sàn-án.
Awakọ̀: Aago mẹ́jọ ni tiwa. A jẹ́ pé aago mẹ́rin àbọ̀ tiwa ni tiyín. Aago méjì àbọ̀ la ó kúrò ní Bassam. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kì í bá ènìyàn ṣe àdéhùn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Olùkọ́ béèrè ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ bí awakọ̀ kò bá béèrè ìbéèrè rẹ̀ kejì. Kí ó fi àkókò sílẹ̀ fún èyí, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà wà.

6. Ìgbéléwọ̀n

(i) Bọ́ọ̀sì kan dé Hilla-Condji láti ìhà Benin ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ó sì lo wákàtí kan àbọ̀ ní ibodè. Aago mélòó ni ó wọ Tógò ní aago ibẹ̀? (Ìdáhùn: aago mẹ́wàá àbọ̀.)

(ii) Aago inú ọkọ̀ fi wákàtí kan wà lẹ́yìn ti Abidjan. Awakọ̀ ní kí a pàdé òun ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, aago èbúté. Aago mélòó ni nínú ọkọ̀? (Ìdáhùn: aago méje.)

(iii) Kọ 16 h 45 ní ọ̀nà tí Yorùbá ń gbà sọ ọ́. (Ìdáhùn: aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.)

(iv) Tún gbólóhùn yìí kọ kí ó má baà pọ́n-na: ‘Ọkọ̀ ṣí ní aago mẹ́fà.’

Nínú ìbéèrè kẹrin, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá sọ ẹni tí ó ni aago, ààbọ̀ máàkì ni kí a fún un. Bí a bá fojú fò ó nínú kíláàsì, kò sí ẹni tí yóò fojú fò ó fún un ní èbúté.

7. Àgbálọgbábọ̀

Bí a ti ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Aago náà rí bẹ́ẹ̀. A ti gbìyànjú láti fi hàn pé Èkó, Abidjan àti ọkọ̀ tí ó gúnlẹ̀ sí èbúté rẹ̀ lè ní aago ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní wákàtí kan náà, àti pé àpólà kékeré bí i ‘ti inú ọkọ̀’ tàbí ‘ti Abidjan’ tó láti gba ènìyàn lọ́wọ́ wàhálà. Ẹ̀kọ́ yìí kò mọ sórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun nìkan. Ọmọ Èjìgbò tí ó sọ fún bàbá rẹ̀ ní Abidjan lórí fóònù pé òun yóò pè é ní aago mẹ́jọ alẹ́ nílò rẹ̀ pẹ̀lú. A rọ àwọn olùkọ́ kí wọ́n má ṣe fi orí aago sílẹ̀ sí ojú pátákó nìkan. Kí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ní gbogbo ìgbà tí ó bá dárúkọ àkókò ìrìn-àjò, pé: aago ibo ni?