Owó Bodè Lórí Ọjà Òkèèrè: Ta Ni Í San Án?

Àwọn baba wa mọ oníbodè dáradára. Ẹnu odi ìlú ni í jókòó sí, tí í gba owó lọ́wọ́ àwọn tí ń ru ẹrù wọlé. Lónìí, èbúté Àpápá àti ibodè Sẹ̀mẹ̀ wà lára ẹnu odi orílẹ̀-èdè wa. Àwọn aṣọ́bodè ìjọba ni ó sì ń gba owó náà. Ìbéèrè ẹ̀kọ́ yìí ni pé: ó ha tọ́ kí ìjọba kí ó bu owó bodè lé ọjà òkèèrè bí?

Nítorí ohun méjì ni a ṣe ń gba owó bodè. Èkíní ni kí àpò ìjọba kí ó lè kún. Títí di ìgbà Ogun 1914, owó bodè orí ọtí líle láti Yúróòpù jẹ́ apá ńlá nínú owó tí ìjọba Gúúsù Nàìjíríà ń rí. Èkejì ni láti dáàbò bo oko àti iṣẹ́ ọwọ́ tiwa. Ẹ kíyèsí i pé ohun méjì yìí kò bá ara wọn rìn: ẹni tí ń wá owó ń fẹ́ kí ọjà náà máa wọlé, ẹni tí ń dáàbò bo oko ń fẹ́ kí ó dínkù.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìrẹsì ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 2013, ìjọba Nàìjíríà gbé owó orí ìrẹsì òkèèrè ga dé ₦110 lórí gbogbo ₦100. Nítorí náà, ìrẹsì tí iye rẹ̀ jẹ́ ₦100 ní èbúté di ₦210 kí ó tó jáde. Oníṣòwò ni ó kọ́kọ́ san ₦110 náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó se ìrẹsì jẹ ni ó san án padà fún un.

Bẹ́ẹ̀ ni owó bodè ti Benin kéré púpọ̀ sí tiwa. Ọkọ̀ ojú omi ń kó ìrẹsì láti Thailand wá sí Kútọnu, ọ̀nà igbó ni púpọ̀ nínú rẹ̀ sì gbà wọ ilẹ̀ wa. Ìjọba kò rí owó gbà, àgbẹ̀ kò sì rí ààbò. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ìjọba ti ibodè orí ilẹ̀ pa. Oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣí i. Ìrẹsì gbówó lórí. Ẹni tí ó ní i tà yọ̀, ẹni tí ń rà á kérora. Nígbà tí oúnjẹ sì wọ́n gidigidi, ní oṣù Keje ọdún 2024, ìjọba kéde pé òun yóò yọ̀ǹda owó bodè fún 150 ọjọ́ lórí àgbàdo, ẹ̀wà, wíìtì àti irú ìrẹsì kan. Àgbẹ̀ tí ó ti gbójú lé owó bodè gbin oko rẹ̀, kí ni kí ó ṣe?

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ náà wálé. Àgbẹ̀ tí ń gbin iṣu ní Òkukù, tàbí àgbàdo ní Ìnísà, tàbí tí ó ní kòkó ní Ìkìrun, ń tà, ó sì ń rà. Owó bodè ìrẹsì kò fi kọ́bọ̀ kan kún owó kòkó rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń bù nínú owó náà ní ọjọ́ tí ó bá ra ìrẹsì ọdún. Ẹni tí ó gbin ìrẹsì sí akùrọ̀ odò Ọ̀tìn ni ó lè jèrè. Kò burú kí gbogbo ìlú ran ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mọ̀ pé ìrànlọ́wọ́ ni, àwa ni a sì ń san án.

Ìdáhùn wa ni pé owó bodè dàbí àtíbàbà tí a ṣe sórí ọmọ kòkó. Ó dára nígbà tí ó wà ní kékeré. Ṣùgbọ́n àtíbàbà kì í bomi rin ọ̀gbìn. Bí a kò bá sì ṣí i díẹ̀díẹ̀, ọ̀gbìn náà yóò ga ní tínínrín, kò ní lágbára. Nítorí náà, kí a tó gba owó bodè kan ní rere, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta:

1. Ǹjẹ́ ilẹ̀ wa lè pèsè ohun náà tó, bí a bá fún un ní àkókò?

2. Kí ni ìjọba ń ṣe lábẹ́ ààbò náà: ọ̀nà oko ńkọ́, irúgbìn rere ńkọ́, ẹ̀rọ tí ń ṣa òkúta inú ìrẹsì ńkọ́?

3. Ọdún wo ni owó náà yóò dínkù, a ha sì ti sọ ọ́ ṣáájú kí àgbẹ̀ tó gbin oko rẹ̀ bí?

Ẹ bi àwọn tí ń tọrọ ìbò yín ní ìbéèrè wọ̀nyí. Bí ìdáhùn wọn bá dúró, ẹ fi sùúrù san owó náà. Bí kò bá sí ìdáhùn, a jẹ́ pé ìkòkò ọbẹ̀ yín ni a ń gba owó bodè lórí rẹ̀, oko yín kò sì rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀.