Igi Tí Ó Sùn Sínú Ilẹ̀: Ẹ̀kọ́ láti Oko Àwọn Ará Nìjẹ̀r

Ilẹ̀ Nìjẹ̀r wà ní òkè Nàìjíríà, aṣálẹ̀ ni ó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní gúsù rẹ̀, ní ìhà Maradi àti Zinder, àwọn Haúsá ni ó pọ̀ jù. Jéró, ọkà bàbà àti ẹ̀wà ni wọ́n ń gbìn. Láti nǹkan bí ọdún 1968 ni òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí já wọn kulẹ̀. Ọ̀dá ńlá mú títí di 1974, òmíràn sì tún mú ní 1984, tí ìyàn pa ènìyàn àti ẹran. Láti ìgbà náà ni ooru ayé ti ń pọ̀ sí i, nítorí èéfín èédú àti epo tí àwọn ilẹ̀ ọlọ́rọ̀ ti ń sun láti ọjọ́ pípẹ́. Ìpín àgbẹ̀ Maradi nínú èéfín yìí kò tó nǹkan rárá, ṣùgbọ́n òun wà nínú àwọn tí ìyà rẹ̀ ń jẹ jù.

A ti kọ́ àwọn àgbẹ̀ náà pé oko rere ni oko tí kò ní igi kankan nínú. Nígbà tí igi tán, kò sí ohun tí ó lè dá afẹ́fẹ́ dúró mọ́. Yanrìn a máa bo èéhù jéró mọ́lẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹlòmíràn fi ń gbìn lẹ́ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú òjò kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá ti ra irúgbìn ní àwìn rí mọ bí èyí ti rí.

Wọ́n gbin igi títí, púpọ̀ nínú wọn ni ó kú. Ní ọdún 1983, Tony Rinaudo, míṣọ́nárì kan láti Australia, ń fi ọkọ̀ kó ọ̀gbìn igi lọ, ó sì dúró láti dín afẹ́fẹ́ inú táyà rẹ̀ kù nítorí yanrìn. Ó rí igbó kékeré kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó wo ewé rẹ̀ dáradára, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe koríko: kùkùté igi tí a ti gé ni, gbòǹgbò rẹ̀ sì wà láàyè. Irú kùkùté bẹ́ẹ̀ kò lóǹkà nínú oko. Ọdọọdún ni èéhù ń yọ lára wọn, ọdọọdún ni a sì ń ṣán an.

Báyìí ni wọ́n ń ṣe é. Àgbẹ̀ yóò yan kùkùté tí ó fẹ́. Nínú èéhù rẹ̀ yóò fi èyí tí ó ga tí ó sì tọ́ sílẹ̀, bíi méjì sí márùn-ún, yóò gé ìyókù. Yóò re àwọn ẹ̀ka ìsàlẹ̀ títí dé ìdajì gíga rẹ̀, yóò sì máa padà wá tún un ṣe. Kò ra ọ̀gbìn, kò sì pọn omi. Igi tí àwọn Haúsá ń pè ní gao dára púpọ̀, nítorí ó ń wọ́wé nígbà òjò, kò sì ń ṣíji bo ọkà. Èso rẹ̀ sì jẹ́ oúnjẹ ẹran nígbà ẹ̀rùn.

Ìwọ̀nba àgbẹ̀ díẹ̀ ni ó kọ́kọ́ gbà, a sì fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Nígbà ìyàn 1984 a fún àwọn tí ó dá igi sí ní oúnjẹ. Bí oúnjẹ náà ti tán, ọ̀pọ̀lọpọ̀ tún gé igi wọn. Ìdí mìíràn wà pẹ̀lú. Láti ayé ìjọba Faransé, àti lẹ́yìn òmìnira ní 1960, ti ìjọba ni a ka igi sí. Ẹni tí ó bá gé e láìgba ìwé àṣẹ lè san owó ìtanràn. Ta ni yóò fi òógùn rẹ̀ tọ́ igi tí kì í ṣe tirẹ̀? Ìgbà tí àwọn ìjòyè igbó ní Maradi gbà láti má fi ìyà jẹ àgbẹ̀ nítorí igi tí ó tọ́ fúnra rẹ̀ ni iṣẹ́ náà tó ràn, láti ẹnu àgbẹ̀ dé etí àgbẹ̀. Ní ọdún 2020 ìjọba gbé àṣẹ jáde lórí rẹ̀.

Nígbà tí àwọn onímọ̀ fi àwòrán tí a yà láti òkè ọ̀run wò ó, wọ́n rí i pé igi ti padà sórí nǹkan bí hẹ́kítà ilẹ̀ mílíọ̀nù márùn-ún. Àwọn obìnrin tí ó ti ń rìn jìnnà nítorí igi ìdáná ń rí i nítòsí ilé.

Síbẹ̀, ẹni tí ó ní ilẹ̀ ni ó ní igi, obìnrin tí ó ní ilẹ̀ kò sì pọ̀. Fúlàní darandaran tí ń kọjá kò ní rárá. Nítorí náà ni àwọn abúlé kan ṣe fi obìnrin àti darandaran sínú ìgbìmọ̀ tí ń ṣọ́ igi, kí wọ́n lè jọ sọ ẹni tí yóò ṣẹ́ igi gbígbẹ, àti ibi tí màlúù yóò gbà kọjá nígbà tí jéró bá wà lóko.