Íntánẹ́ẹ̀tì orí wáyà tẹlifóònù tó ń já ní gbogbo ìgbà: Bí onílé ṣe lè mọ ibi tí àrùn náà wà

Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Ọ̀rọ̀ yìí bá ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń ṣòwò láti inú ilé wọn ní Lọ́ńdọ̀nù àti àwọn ìlú mìíràn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mu gan-an. Íntánẹ́ẹ̀tì wọn yóò já, wọn yóò pa ẹ̀rọ, wọn yóò tún tàn án, yóò ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, yóò sì tún já. Pípa àti títàn yẹn kì í ṣe oògùn. Ohun tó ń fa jíjá náà gan-an ló yẹ kí wọ́n wá rí.

Ká ní obìnrin kan wà ní Peckham tó ń ta àǹkárá àti léèsì látinú pálọ̀ rẹ̀. Orí fídíò ló ti ń fi ọjà han àwọn oníbàárà nírọ̀lẹ́, orí íntánẹ́ẹ̀tì kan náà ló sì ti ń bá ẹni tó ń bá a ra ọjà ní Balógun, l'Ékòó, sọ̀rọ̀. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín wákàtí kan, oníbàárà kò ní dúró dè é, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni yóò gbà lọ. Owó tó yẹ kó wọlé ti lọ, bẹ́ẹ̀ owó oṣù tí obìnrin náà ń san fún ilé iṣẹ́ tó ń fún un ní íntánẹ́ẹ̀tì kò dín kọ́bọ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń tọ pinpin ìṣòro yìí, kó má baà jẹ́ pé gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ fún un lórí fóònù ló máa gbà.

BÍ ÍNTÁNẸ́Ẹ̀TÌ YÌÍ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Ní Nàìjíríà, orí òpó GSM tó dé lọ́dún 2001 ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń rí íntánẹ́ẹ̀tì lò, wáyà NITEL ayé àtijọ́ ti di ìtàn. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀. Lóòótọ́, wáyà onígíláàsì tí wọ́n ń pè ní fáíbà ti wọ ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ilé kan ṣì wà tó jẹ́ wáyà tẹlifóònù onírin bàbà ló ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọlé fún wọn. Èyí ni wọ́n ń pè ní DSL.

Ẹrù méjì ni wáyà kan ṣoṣo yẹn lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà. Ohùn èèyàn ń gba ìsàlẹ̀, kò kọjá 4 kHz. Íntánẹ́ẹ̀tì ń gba òkè, láti nǹkan bíi 25 kHz títí dé 2.2 MHz lórí irú èyí tí wọ́n ń pè ní ADSL2+. Ohunkóhun tó bá jẹ́ kí ẹrù méjèèjì kọ lu ara wọn, tàbí tó bá mú ariwo wọ inú wáyà náà, íntánẹ́ẹ̀tì ni yóò kọ́kọ́ fara gbá a.

Bí ilé bá ṣe jìnnà tó náà tún ṣe pàtàkì. ADSL2+ lè sáré dé megabit 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó ẹ̀rọ tẹlifóònù àdúgbò. Bí wáyà bá ti gùn tó kìlómítà mẹ́rin tàbí márùn-ún, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò kù. Àwọn mìíràn ń lo VDSL: fáíbà ni wọ́n fà dé àpótí aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́bàá títì, wáyà bàbà ló wá gbà á níbẹ̀ wọ inú ilé. Èyí lè dé megabit 80 bí àpótí náà kò bá jìnnà. Ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń falẹ̀ nítorí jíjìn kò ní àrùn kankan lára wáyà. Ẹni tí tirẹ̀ ń já ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù.

ÌGBÉSẸ̀ KÌÍNÍ: ÌWÉ ÀKỌSÍLẸ̀

Kí onílé tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kó ra ìwé kékeré kan, kó máa kọ ọjọ́ àti aago tí íntánẹ́ẹ̀tì já sí i fún ọ̀sẹ̀ kan. Kó kọ bóyá òjò ń rọ̀, bóyá fóònù ilé ń dún, àti irú iná tó ń tàn lára ráótà. Ìwé yìí ni yóò jẹ́rìí. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí òjò bá rọ̀ ló ń já, ó ṣeé ṣe kí omi máa wọ ibi tí wọ́n ti so wáyà pọ̀ níta. Bó bá jẹ́ ìgbà tí fóònù ilé bá dún, ọ̀rọ̀ fíltà ni. Bó bá jẹ́ aago kan náà lójoojúmọ́, kí wọ́n fura sí ẹ̀rọ oníná kan. Bó bá jẹ́ pé ṣe ló kàn ń falẹ̀ ní alẹ́ láìjá, àwọn tó ń lò ó lásìkò yẹn ló pọ̀ jù, wáyà inú ilé kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

ÌGBÉSẸ̀ KEJÌ: ṢÉ WI-FI NI ÀBÍ WÁYÀ?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Afẹ́fẹ́ ni Wi-Fi ń gbà láti ara ráótà dé ara kọ̀ǹpútà, DSL sì ń gba wáyà láti ìta wọ inú ráótà. Ọ̀tọ̀ ni àrùn ti ìkíní, ọ̀tọ̀ ni ti èkejì. Kí onílé fi okùn íntánẹ́ẹ̀tì so kọ̀ǹpútà mọ́ ráótà tààrà, kó lò ó bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Bí kò bá já mọ́, Wi-Fi ni ọ̀daràn. Kí wọ́n gbé ráótà kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, kí wọ́n má tì í mọ́nú kọ́bọ́ọ̀dù, kí wọ́n sì gbé e jìnnà sí máíkírówéfù. Níbi tí ilé pọ̀ sí, tí ráótà àwọn aládùúgbò ń bá ara wọn jà lórí 2.4 GHz, kí wọ́n yí i sí 5 GHz bí kọ̀ǹpútà náà bá lè gbà á.

Bó bá ṣì ń já lórí okùn, kí wọ́n wo iná DSL lára ráótà lásìkò tó bá já. Bí iná yẹn bá dúró gbọnyin tí íntánẹ́ẹ̀tì kò sì sí, ìṣòro lè wá láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń fún wọn ní íntánẹ́ẹ̀tì tàbí láti inú ráótà. Bí iná náà bá kú tàbí tó ń ṣẹ́jú, wáyà ni kí wọ́n dojú kọ.

ÌGBÉSẸ̀ KẸTA: ÌYÁ SỌ́KẸ́Ẹ̀TÌ

Ibì kan wà nínú ilé tí wáyà ti ìta kọ́kọ́ dé. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ni ìyá gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì tẹlifóònù yòókù. Nínú ọ̀pọ̀ ilé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlà kan là á ní àárín, sikiróò méjì ló sì di apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú. Bí wọ́n bá tú apá ìsàlẹ̀ yìí, wọn yóò rí sọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré kan lẹ́yìn rẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ìdánwò nìyẹn. Nígbà tí wọ́n bá ki ráótà bọ ibẹ̀ pẹ̀lú fíltà tuntun, gbogbo wáyà tó lọ sí yàrá àti kíṣínì ti já kúrò, kìkì wáyà ti ìta ló kù.

Kí wọ́n fi í síbẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí íntánẹ́ẹ̀tì kò bá já mọ́, inú ilé ni àrùn wà: okùn gígùn tí wọ́n rà lọ́jà, sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti dípẹtà, tàbí fóònù tí kò ní fíltà. Gbogbo ohun tí wọ́n bá so mọ́ wáyà tẹlifóònù ló gbọ́dọ̀ ní fíltà tirẹ̀, títí kan ẹ̀rọ fáàsì àti ẹ̀rọ tó ń ké bí olè bá wọlé, àfi bí ìyá sọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti ní fíltà nínú. Fíltà máa ń bàjẹ́, kò sì wọ́n. Òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀.

Bó bá ṣì ń já níbẹ̀, wáyà ìta tàbí ráótà ló kù. Bí wọ́n bá rí ráótà mìíràn yá, tí tọ̀hún náà sì ń já, ó kù sọ́wọ́ ilé iṣẹ́. Ìkìlọ̀ kan rèé: apá òkè ìyá sọ́kẹ́ẹ̀tì àti wáyà ìta kì í ṣe ti onílé, kí ẹnikẹ́ni má tú u.

ÌGBÉSẸ̀ KẸRIN: ETÍ ÀTI FÍGỌ̀

Ẹni tó ṣì ní fóònù onílà àtijọ́ lè fi etí rẹ̀ yẹ wáyà wò. Lórí ọ̀pọ̀ ìlà tó jẹ́ ti Openreach, bí èèyàn bá tẹ 17070, tó sì yan nọ́ńbà 2, gbogbo rẹ̀ yóò dákẹ́ rọ́rọ́. Fóònù olókùn ni kí wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe èyí tí kò lókùn. Bí wọ́n bá gbọ́ ariwo bíi ti epo tó ń ta nínú agbada, wáyà náà ní ìbàjẹ́. Kí wọ́n fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn gẹ́gẹ́ bí àléébù fóònù.

Ráótà náà ní fígọ̀ tirẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ àdírẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, wọn yóò rí ojú ewé kan tó sọ bí ìlà ṣe rí. Èyí tó ṣe kókó jù níbẹ̀ ni ààyè tó wà láàárín iṣẹ́ àti ariwo, tí wọ́n ń pè ní SNR margin. Nǹkan bíi 6 dB ló sábà máa ń jẹ́ lórí ìlà tó le. Bó bá ti ń sún mọ́ òdo, ariwo ti fẹ́ borí, ìlà náà yóò sì já.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ń ka iye ìgbà tí ìlà kọ̀ọ̀kan já. Bó bá já jù, ẹ̀rọ náà yóò dín eré rẹ̀ kù kó lè dúró. Ó lè má mọ ìyàtọ̀ láàárín ìlà tó já fúnra rẹ̀ àti ráótà tí onílé ń pa tó sì ń tàn. Ẹni tó bá ń pa ráótà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóòjọ́ lè máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ dín eré íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kù.

ÀPẸẸRẸ ABERHOSAN

Kí ẹnikẹ́ni má fojú kékeré wo ẹ̀rọ oníná. Ní Aberhosan, abúlé kan ní Wales, odidi oṣù 18 ni íntánẹ́ẹ̀tì gbogbo abúlé fi ń dàrú ní aago méje àárọ̀ lójoojúmọ́. Àwọn ẹnjiníà wá títí, wọ́n pààrọ̀ wáyà, kò yanjú. Ìgbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ariwo iná rìn káàkiri abúlé náà ni àṣírí tú: tẹlifíṣọ̀n àlòkù kan tí onílé kan máa ń tàn ní aago méje ló ń tú ariwo síta. Ojú ti onílé náà, ó sì gbà láti má lò ó mọ́. Openreach kéde ọ̀rọ̀ náà ní oṣù September, 2020.

Rédíò kékeré lè ṣe irú iṣẹ́ yìí nínú ilé. Kí wọ́n yí i sí AM níbi tí kò sí iléeṣẹ́ rédíò kankan, kí wọ́n gbé e sún mọ́ ṣájà, gílóòbù àti tẹlifíṣọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ariwo bá ti ròkè lójijì ni kí wọ́n pa, kí wọ́n sì wo ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì yóò ṣe.

Ẹ̀TỌ́ ONÍBÀÁRÀ

Ẹni tó bá ti ṣe gbogbo èyí ni yóò pe ilé iṣẹ́ rẹ̀. Kò ní sọ pé "íntánẹ́ẹ̀tì mi ò dáa" lásán. Yóò sọ pé òun ti wà lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì ìdánwò fún ọjọ́ méjì, òun ti pààrọ̀ fíltà, okùn lòun ń lò, ìgbà báyìí báyìí ló sì já. Èyí ṣe pàtàkì, torí pé bí ẹnjiníà bá wá, tó sì bá àléébù lára wáyà tàbí ẹ̀rọ onílé, ilé iṣẹ́ lè ní kó san owó ìrìn àjò náà.

Láti March 1, 2019, àwọn ilé iṣẹ́ tó fọwọ́ sí ìlànà Ofcom gbọ́dọ̀ sọ eré tó kéré jù tí oníbàárà yóò máa rí. Bó bá wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ní ọjọ́ 30 láti tún un ṣe, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, oníbàárà lè kúrò nínú àdéhùn láìsan owó ìtanràn. Láti April 1, 2019 bákan náà, ètò owó gbà-má-bínú bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ilé iṣẹ́ tó gbà á wọlé. Bí iṣẹ́ bá dúró pátápátá tí wọn kò tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ iṣẹ́ méjì, pọ́n-ùn 8 ni wọ́n fi lélẹ̀ nígbà náà fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, àti pọ́n-ùn 25 bí ẹnjiníà bá yẹ àdéhùn. Owó náà ti lé sí i láti ìgbà yẹn. Bí ilé iṣẹ́ bá kọ etí dídi sí ẹ̀sùn títí àkókò tí òfin là sílẹ̀ fi pé, oníbàárà lè gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn onílàjà tí Ofcom fọwọ́ sí, kò sì ní ná an ní kọ́bọ̀.

Kí àwọn tó ní òbí àgbà lọ́hùn-ún tún fi ọ̀kan sọ́kàn. Láti September 2023 ni wọn kò ti ta ìlà fóònù àtijọ́ tuntun mọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oṣù January 2027 sì ni ọjọ́ tí wọ́n dá láti pa gbogbo rẹ̀ tì. Fóònù yóò wá máa gba inú íntánẹ́ẹ̀tì kọjá. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já nígbà náà, tàbí tí iná bá lọ tí kò sí bátìrì, fóònù ilé náà yóò dákẹ́, títí kan bọ́tìnì ìpè pàjáwìrì tí ọ̀pọ̀ ìyá àti bàbá àgbà ń fi kọ́rùn. Ó yẹ kí àwọn ọmọ wọn tètè bá ilé iṣẹ́ sọ̀rọ̀ lórí bátìrì àti bọ́tìnì náà. Ìlà tó ń já lónìí tí oníṣòwò fi ń pàdánù ọjà lè di ìlà tí ìyá àgbà kò rí fi ké sí ẹnikẹ́ni lọ́la.